Màámi ń bọ̀ ní Atlanta, wọ́n fẹ́ gbọ́ ìtàn Luther King ní Ebenezer: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAjílété:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màámi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa níbí, apá Lawrenceville la wà. Mo ti to mọ́ọ̀lù àti Stone Mountain kalẹ̀ fún wọn, àfi bí wọ́n ṣe sọ lórí fóònù pé "ṣọ́ọ̀ṣì Luther King yẹn ni kí o kọ́kọ́ mú mi lọ". Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojúlówó Onítẹ̀bọmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń sọ ìtàn fún gbogbo èèyàn níbẹ̀, pé òṣìṣẹ́ kan á dúró níwájú á máa ṣàlàyé bí ìjàǹgbara ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe lọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà ní Georgia, inú mọ́tò ni mo ti máa ń wo ibẹ̀, ẹ má bú mi. Ṣé owó là ń san? Ṣé ìdúró pọ̀ níbẹ̀? Màámi gbọ́ òyìnbó dáadáa o, àmọ́ òyìnbó tíṣà ni, tí ará ibí bá ti ń fi imú sọ ọ́ wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín ni. Àwọn ọmọ mi náà á tẹ̀ lé wa, ọ̀kan jẹ́ mọ́kànlá, ọ̀kan méje.

Bùrọ̀dáDecatur:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Màámi. Kò sówó kankan, ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o, àwọn National Park Service, láti 1980 ni wọ́n ti sọ àdúgbò yẹn di ibi ìtàn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà ní John Wesley Dobbs Avenue, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ má lọ páàkì sójú títì Auburn kí wọ́n má baà lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ yín lójú gíláàsì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni rénjà, òṣìṣẹ́ wọn tó ń sọ ìtàn ibẹ̀, máa sọ̀rọ̀ ní Ebenezer lónìí, torí àkókò yẹn kì í dúró sójú kan, ó dọwọ́ iye òṣìṣẹ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹ bá débẹ̀ kí ẹ kọ́kọ́ yà sí Visitor Center, kí ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní tábìlì iwájú.

Ilé tí wọ́n bí King sí (January 15, 1929) wà ní 501 Auburn, àmọ́ ìparí 2023 ni wọ́n tì í pa fún àtúnṣe, ẹ bèèrè kí ẹ tó ṣèlérí fún Màmá. Tí ẹ bá sì gbọ́ nínú ìròyìn pé àwọn ará Washington ń jà lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, pé ìjọba ti ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó sílé yín. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní January 2019, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọlidé King pé kí Delta, àwọn tó ni ọkọ̀ òfuurufú, tó gbé owó sílẹ̀ kí wọ́n fi ṣí i.

Stone Mountain tí ẹ dárúkọ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé orí òkè yẹn ni Ku Klux Klan, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ń dẹ́rù ba àwọn aláwọ̀ dúdú, ti tún ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní 1915? Àwòrán àwọn aṣíwájú tó jagun kí oko ẹrú má baà parí ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta yẹn. Ẹ lè mú Màmá lọ o, àmọ́ ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

ÌyáÌbejì_GA:
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, a sanwó fún ẹnì kan tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé àlejò kiri ìlú, ogójì ìṣẹ́jú péré ló fún wa, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ wọlé, àfi bí ẹni ń da ewúrẹ́. Mo délé, ọkọ mi bi mí pé kí ni mo gbọ́, mi ò rí nǹkan kan sọ, fọ́tò igba ló wà nínú fóònù mi. Ìgbà kejì ni mo dá lọ, mo jókòó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì dà bíi pé mi ò débẹ̀ rí.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tèmi, ọ̀rọ̀ rénjà ni kí ẹ fi ṣe ọ̀pá ìdí ọjọ́ náà, kí gbogbo nǹkan yòókù máa yí i ká. Tí wọ́n bá ní aago mọ́kànlá, kí ẹ ti jókòó nínú Ebenezer ní mọ́kànlá ku ogún. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n fi bíríkì kọ́, tí àmì iná aláwọ̀ búlúù gùn lára rẹ̀ níta. Ìjọ fúnra wọn ti kó lọ sí ilé tuntun lódìkejì títì, níbi tí Warnock tó jẹ́ sẹ́nátọ̀ ti ń ṣe pásítọ̀. Wọ́n tún inú ti àtijọ́ ṣe kó lè rí bó ṣe rí láyé King, àwọn àga gígùn onígi, pẹpẹ, dùùrù. Tí kò bá sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ́n máa ń fi ohùn King sí i látinú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí Màmá gbọ́ ìyẹn náà, torí ohùn yẹn lọ́ra, kò yára bíi ti àwọn ará ibí, wọ́n á gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún: àtẹ̀gùn wà láti wọ ibi ìjọsìn. Nígbà tí ẹ bá pè wọ́n láàárọ̀, ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn máa gbà, kí ẹ sì gbé àga onítáyà dání tí ẹ bá ní. Ibi ibojì kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, òun àti Coretta ìyàwó rẹ̀ tó kú ní 2006 wà lórí omi, èèyàn ò lè débẹ̀, èbúté la ti ń wò wọ́n. Oòrùn ń pa èèyàn níbẹ̀. Fìlà àti omi mímu o.

Ọ̀gáTrọ́ọ̀kì:
Ẹ má bínú o, àmọ́ ìtàn àwọn akátá yìí, kí ló kàn wá ńbẹ̀? Tiwa tó wà nílé a ò tíì rí i yanjú. Ẹ mú Màmá lọ wo ẹja ní Aquarium jàre.

TíṣàÀgbà:
Ọ̀gáTrọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu ná. Èébú ni, àwọn tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀ sì ti mọ̀ pé èébú ni.

Èyí tó kàn wá, ẹ fetí sí i. Òfin tó ṣílẹ̀kùn orílẹ̀-èdè yìí fún irú wa, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí i ní October 3, 1965. Kó tó dìgbà yẹn orílẹ̀-èdè tí o ti wá ni wọ́n fi ń pín iye èèyàn tó lè wọlé, àwọn ará Yúróòpù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, bíńtín ni ti Áfíríkà. Ẹ wá wo ọdún yẹn dáadáa: March 7, 1965 ni ọlọ́pàá lu àwọn èèyàn bí ẹni lu bàrà lórí afárá ní Selma torí wọ́n fẹ́ dìbò, August 6 ni òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde, October ni tiwa tẹ̀ lé e. Àwọn tó jẹ pàṣán ló jẹ́ kí ojú ti àwọn aṣòfin. Trọ́ọ̀kì tí ẹ ń wà yẹn, ọ̀nà tí wọ́n là lẹ fi ń wà á.

King fúnra rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. November 1960 tí wọ́n ń fi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà l'Ékòó, ó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún Màmá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ló wá ń dùn mọ́ mi jù. Bowen tó gbé iṣẹ́ ìránṣẹ́ wọn wọ ilẹ̀ Yorùbá, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ọmọ Georgia níbí ni. Àwọn tó rán an, Southern Baptist Convention, Augusta ní Georgia níbí náà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1845, ohun tó sì lé wọn kúrò lára àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà Àríwá orílẹ̀-èdè yìí ni pé àwọn yẹn ò gbà kí ẹni tó ní ẹrú máa ṣe míṣọ́nnárì. Ó di 1995 kí wọ́n tó tọrọ àforíjì. Ẹ wá wò ó: Màmá ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898, wọ́n ń bọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí míṣọ́nnárì yẹn ti gbéra, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì fẹ́ wọ̀, 1886 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe pásítọ̀ rẹ̀, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Tí rénjà bá ní ẹni tó ní ìbéèrè kó béèrè, èmi á béèrè ìyẹn.

Ọ̀gáTrọ́ọ̀kì:
Mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má nà mí mọ́. Mi ò mọ ti Augusta yẹn rárá, Onítẹ̀bọmi sì lèmi náà.

ỌmọAjílété:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. TíṣàÀgbà, ẹ ti dá mi lágara dùn, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ti míṣọ́nnárì yẹn fún Màámi tí wọn ò fi ní gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ó wá ku ti èdè. Ṣé kí n máa túmọ̀ sí wọn létí ni bí ọkùnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀?

Ògbufọ̀:
Rárá o! Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyẹn lọ́sibítù, ẹ gbọ́ tèmi. Tí ẹ bá ń sọ ọ́ sí wọn létí bí rénjà ṣe ń sọ, wọn ò ní gbọ́ yín, wọn ò ní gbọ́ rénjà, àwọn tó wà níwájú yín á sì máa wẹ̀yìn. Ilé ni kí ẹ ti parí iṣẹ́. Ẹ sọ gbogbo ìtàn náà fún wọn lédè Yorùbá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó jẹ́ pé tí wọ́n bá débẹ̀ orúkọ àti ọdún nìkan ni wọ́n ń dá mọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ Bíbélì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá rénjà, ẹ ní ìyá mi nìyí, tíṣà ni wọ́n nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra máa sọ̀rọ̀. Inú wọn máa ń dùn sí i.

Ẹ má lo àwọn ọ̀rọ̀ rédíò o. Ẹ lè sọ "ìyàsọ́tọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà" títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní wọlé. Ẹ sọ pé ní Montgomery ní Alabama, tí o bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, o lè sanwó ọkọ̀ fún dírẹ́bà níwájú kó ní kó o sọ̀kalẹ̀ lọ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, kí o tó rìn débẹ̀ ó lè ti gbé ọkọ̀ lọ, owó ẹ ti lọ. Wọ́n á mira. Ẹ wá sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n mú Rosa Parks, obìnrin tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ní December 1, 1955, gbogbo wọn fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n gbé ara wọn ní mọ́tò, ọjọ́ 381. Ẹ fi wé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá pẹ̀lú Màmá Ransome-Kuti, bí wọ́n ṣe lọ jókòó sẹ́nu ààfin ní 1947 lórí owó orí obìnrin, tí wọn ò dẹwọ́ títí Aláké fi sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní 1949. Àgbàlagbà tó bá ti mọ ìyẹn, ẹ ò nílò láti ṣàlàyé púpọ̀ mọ́.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń túmọ̀ ṣì jù ni "nonviolence". Wọ́n á ní "wọ́n mú sùúrù". Sùúrù kẹ̀? Ìjà ni, wọ́n kàn kọ̀ láti gbọ́wọ́ sókè ni. Wọ́n máa ń kóra wọn jọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti fi dánra wò, ọ̀kan á máa bú èkejì, á máa tì í, kí ó lè mọ bí yóò ṣe dúró tí kò ní lu ẹnikẹ́ni padà.

ÌyáÌbejì_GA:
Mo tún padà dé. Ẹ ní Màámi máa ń tẹ dùùrù, abí? Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìdí dùùrù ní Ebenezer yẹn ni wọ́n ti yìnbọn pa ìyá King. Alberta ni wọ́n ń jẹ́: ọmọ pásítọ̀ Ebenezer, ìyàwó pásítọ̀ Ebenezer, ìyá pásítọ̀ Ebenezer, àwọn ni wọ́n sì ń darí orin ìjọ láti ọdún gbọọrọ. June 30, 1974, lọ́jọ́ Ìsinmi, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú ọmọ wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde láàárín ìjọ ó yìnbọn. Díákónì kan náà bá a lọ. Mi ò gbọ́ ọ rí kí n tó débẹ̀, rénjà ló sọ ọ́, ó sì na ọwọ́ sí dùùrù náà bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bú sẹ́kún, omijé mi kọ̀ kò dá. Mo kàn ní kí n sọ fún yín.

Bùrọ̀dáDecatur:
Ẹ sọ fún Màmá nílé. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin, ẹ má jẹ́ kó bá wọn lójijì láàárín àjèjì.

TíṣàÀgbà:
Èmi ò gbà. Ìdí tí a fi ń lọ síbẹ̀ ni pé kí ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Tí ẹ bá ti rò ó tán nínú kíṣìnì, kí ló kù?

Ògbufọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n lè sọ ọ́ kí etí Màmá má gbé e, kí gbogbo èèyàn máa mí kanlẹ̀ kí wọ́n máa bi ọmọ wọn pé "kí ló ní?" Ẹ sọ ọ́ nílé. Kì í ṣe gbogbo rénjà ló máa ń sọ ọ́ pàápàá, ẹ̀yin lẹ máa béèrè.

AráBirmingham:
Ẹ̀yin ará Atlanta, ẹ ò ní dárúkọ àwa ará Birmingham ní Alabama? Bíi wákàtí méjì àti díẹ̀ ni láti ọ̀dọ̀ yín, aago tiwa sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiyín, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí èèyàn máa ń dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀ṣì 16th Street Baptist nìyẹn, níbi tí bọ́ǹbù tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi pamọ́ síbẹ̀ ti bú ní September 15, 1963. Ọmọdébìnrin mẹ́rin ló kú, wọ́n ń múra ìsìn lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ilé: Addie Mae Collins, Carole Robertson, Cynthia Wesley, ọmọ mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá, àti Denise McNair tó jẹ́ mọ́kànlá. Aago ṣọ́ọ̀ṣì dúró sí 10:22. Fèrèsé aláràbarà kan wà níbẹ̀ tí Jésù inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Wales ló dáwó jọ fi ṣe é. Ibí tiwa kì í ṣe ká kàn wọlé o, ẹ ní láti gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó wá, kí ẹ sì má gbìyànjú ọjọ́ Ìsinmi, ìjọ ń jọ́sìn níbẹ̀ títí dòní.

Iwájú rẹ̀ gan-an ni Kelly Ingram Park wà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọmọ ọdún méje o, ajá onírin wà níbẹ̀ tó ń fò mọ́ èèyàn lọ́tùn-ún lósì, àárín wọn lẹ máa gbà kọjá. Ọmọ tèmi kọ̀ láti kọjá. Mo ní àwọn ọmọ tó tó ẹ lọ́jọ́ orí ni wọ́n rán irú ajá yìí sí ní May 1963 pẹ̀lú omi páńpù iná, ó ní òun mọ̀, òun ò ṣáà ní kọjá.

Tí ẹ bá tún lọ́jọ́ kan sí i, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé Mobile, sí Africatown. Ọkọ̀ Clotilda tó kó ẹrú wá ní 1860, nígbà tí òfin ti kà á léèwọ̀ tipẹ́, ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀. Kossola, ọ̀kan lára wọn, tó kú ní 1935, apá Bantè ní Benin ló ti wá. Àmọ́ ìyẹn jìnnà, orúnkún Màmá ni kí ẹ wò.

ÌyáÌbejì_GA:
Ti àwọn ọmọ: ẹ béèrè ìwé Junior Ranger ní tábìlì, wọ́n á dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, wọ́n á búra, wọ́n á gba báàjì. Ìbejì mi ò bi mí ní "ṣé a ti ń lọlé?" lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ ẹrù oníbaaka tó gbé òkú King lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní April 1968 náà wà ní Visitor Center, ẹ fi hàn wọ́n, igi lásán ni, kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀.

ỌmọAjílété:
Ẹ kú àdúrótì o, a ti lọ, a sì ti bọ̀. Ọjọ́ Wẹ́sìdé la lọ, mo pè láàárọ̀, wọ́n ní aago méjìlá, a ti jókòó ní méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-dínlọ́gbọ̀n. Màámi wọ ìró àti bùbá, wọ́n wé gèlè bí ẹni ń lọ sí ìkórè, àwọn àlejò yòókù ń wò wọ́n ju pẹpẹ lọ.

Mo sọ ti dùùrù nílé, a jọ ń ṣa ẹ̀wà ni. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, mo rò pé wọn ò gbọ́ mi. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló wá parí orin náà?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò wá parí ẹ̀ ni?"

Rénjà náà ò mẹ́nu kan ti Alberta. Nígbà tó ní kí ẹni tó ní ìbéèrè béèrè, Màámi gbọ́wọ́ sókè bíi ti ọmọ ilé ìwé, wọ́n fi òyìnbó tíṣà wọn béèrè ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ẹni tó parí orin. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí, ó wá yíjú sí gbogbo wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyá King láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé nínú ìjọ yẹn, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àkókò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìka ọwọ́ ọ̀tún Màámi ń rìn lórí itan wọn, mo mọ̀ pé orin ni wọ́n ń tẹ̀, mi ò mọ èwo.

Àwọn ọmọ gba báàjì, èyí ọdún méje ò tíì bọ́ ọ kúrò láyà, ó fi sùn lánàá. Ti míṣọ́nnárì Augusta, mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ tí àwọn bá padà délé, ojú wọn le. Wọ́n ti ní Birmingham ló kàn. Sátidé la fẹ́ lọ, mo ti gba àyè sílẹ̀ fún aago mẹ́wàá. AráBirmingham, aago mẹ́wàá tiyín ni, abí tiwa?

AráBirmingham:
Tiwa ni. Ẹ gbéra ní aago mẹ́jọ tiyín, kí ẹ sì wá jẹun lọ́dọ̀ mi kí ẹ tó padà, mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.